Kí ló ń jẹ́ kí ìmọ̀ rìn níbi iṣẹ́? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, olórí ẹ̀ka àti òṣìṣẹ́ ló máa ń béèrè nǹkan wọ̀nyí léraléra. A bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn.

Kí là ń pè ní àṣà ibi iṣẹ́ gan-an?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ògiri níbi tí àlejò ń jókòó sí, kì í sì ṣe ankara kan náà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Òun ni ohun tí ẹni tuntun máa ń mọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é jókòó kọ́ ọ: ta la kì í já lọ́rọ̀ gbà lẹ́nu, irú ìròyìn wo la kì í gbé lọ bá ọ̀gá láàárọ̀, ṣé ọlọ́gbọ́n ni wọ́n ń ka ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ sí àbí òpè.

Edgar Schein, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí, pín in sọ́nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ohun tí ojú ń rí: aṣọ, ètò tábìlì, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Èkejì ni ohun tí wọ́n ń sọ pé àwọn gbà gbọ́. Ẹ̀kẹta ni ohun tí wọ́n gbà gbọ́ dénú, tó ti mọ́ wọn lára débi pé wọn ò tiẹ̀ rántí pé ìgbàgbọ́ ni mọ́. Bí èkejì àti ẹ̀kẹta bá ta kora, ẹ̀kẹta ló máa borí. Iléeṣẹ́ tó kọ ọ́ sára ògiri pé "Ẹ sọ tinú yín," tó sì fún ẹni tó sọ tinú rẹ̀ ní kúẹ́rì, kò sẹ́ni tí kò mọ èyí tí wọn yóò tẹ̀ lé nínú méjèèjì.

Báwo lèyí ṣe kan ẹ̀kọ́ kíkọ́?

Inú kíláàsì kọ́ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ibi iṣẹ́ ti ń wáyé. Ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́, tí ẹni tó bà á jẹ́ sì la ẹnu sọ ọ́ fún ẹlòmíì, ni ẹ̀kọ́ ń ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá fi igbe pàdé ẹni yẹn, òun nìkan ló kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀kọ́ tó sì kọ́ ni pé kí òun panu mọ́.

Ní àwọn ọdún 1990, Amy Edmondson lọ ṣèwádìí lórí àṣìṣe oògùn ní àwọn ẹ̀ka ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà. Èrò rẹ̀ ni pé ibi tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ dáadáa ni àṣìṣe yóò ti kéré jù. Nígbà tó ka ìwé àkọsílẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ti pọ̀ jù. Ó tún un yẹ̀ wò, ó wá rí i pé kì í ṣe pé wọ́n ń ṣàṣìṣe ju àwọn yòókù lọ: wọ́n ń sọ ọ́ ni. Láwọn ẹ̀ka yòókù, wọ́n ń bo tiwọn mọ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ìwé ìjàǹbá yín bá ṣófo fún oṣù mẹ́fà, ẹ má tíì máa yọ̀.

Ṣé ibì kan wà tí àṣà ti yí padà láìlé àwọn òṣìṣẹ́ lọ?

Ó wà. General Motors ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ kan ní Fremont, ní ìpínlẹ̀ California, tí wọ́n tì pa ní 1982. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ máa ń pa iṣẹ́ jẹ, àwọn kan ń mutí lẹ́nu iṣẹ́, ọkọ̀ alábùkù sì ń jáde lójoojúmọ́, torí òfin kan ṣoṣo tí gbogbo wọn mọ̀ ni pé ìlà iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró. Ní 1984, Toyota àti General Motors jọ tún un ṣí, wọ́n sọ ọ́ ní NUMMI. Nǹkan bí 85 nínú 100 àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ ló jẹ́ àwọn èèyàn àtijọ́ náà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan náà ló sì ń sọ̀rọ̀ fún wọn. Láàárín nǹkan bí ọdún méjì, ọkọ̀ tó ń tibẹ̀ jáde ti wà lára èyí tó dára jù tí General Motors ní.

Toyota ti kọ́kọ́ kó àwọn aṣáájú wọn lọ sí iléeṣẹ́ Takaoka ní Japan kí wọ́n lọ bá àwọn ará ibẹ̀ ṣiṣẹ́. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu jù ni okùn tó so rọ̀ lókè orí àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tí nǹkan bá rú lójú, ó fa okùn: iná tàn, orin kékeré kan dún, aṣáájú ẹgbẹ́ sáré dé láti bá a wò ó. Bí wọ́n bá yanjú rẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò ní àyè òṣìṣẹ́ náà, ìlà ò ní dúró rárá. Bí wọn ò bá rí i yanjú, gbogbo rẹ̀ dúró.

Iṣẹ́ aṣọ híhun ni Toyota ti mú ọgbọ́n yìí wá. Ní 1924, Sakichi Toyoda ṣe ẹ̀rọ ìhunṣọ kan tó máa ń dá ara rẹ̀ dúró bí òwú kan bá já. Ẹni tó bá ti jókòó ti òfì rí ní Ìṣẹ́yìn kò nílò àlàyé. Òwú kan já, ahunṣọ ní òun ò ráyè so ó, ó ń hun lọ. Nígbà tí yóò fi gbé orí sókè, ilà tó ṣófo ti gba aṣọ náà já, kò sì sí bí wọ́n ṣe fẹ́ fi òwú bò ó mọ́.

Kí ló dé tí General Motors ò fi rí i ṣe láwọn iléeṣẹ́ rẹ̀ yòókù?

Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ ní Van Nuys, ní California bákan náà, kò mú. Okùn wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ iye ọkọ̀ tó jáde ni wọ́n ṣì fi ń díwọ̀n ọ̀gá. Ọ̀gá tí wọ́n ń fi iye ọkọ̀ wọ̀n, kí ló fẹ́ fi okùn tí ń dá iṣẹ́ dúró ṣe? Okùn ṣeé rà lọ́jà. Ìdáhùn tí ẹni tó fà á máa bá pàdé ni kò sí lọ́jà.

A fẹ́ irú okùn yẹn níbi iṣẹ́ tiwa. Báwo la ṣe máa bẹ̀rẹ̀?

Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá so okùn. Nílé ìránṣọ, ó lè jẹ́ rìbọ́ńnì pupa tí ẹni tó ń ránṣọ so mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Nílé ìtajà oògùn, ó lè jẹ́ agogo orí tábìlì. Ohun mẹ́ta ló gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú ohun márùn-ún péré tó tó kéèyàn dá iṣẹ́ dúró sí, kẹ́ ẹ kọ wọ́n sílẹ̀: ìwọ̀n tí kò bára mu, oògùn tí orúkọ rẹ̀ ò hàn dáadáa, wáyà tó ń gbóná, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ yan ẹni tí yóò máa dáhùn, kí ó sì dé ibẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ẹ̀kẹta, ẹ ní ìwé kan tẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sí: ọjọ́, ohun tí wọ́n rí, ohun tí a ṣe. Ìlà kan tó.

Ibi tó ti sábà ń bàjẹ́ ni ìdáhùn. Lọ́sẹ̀ kìíní, ọ̀gá sáré wá. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ní "Mò ń bọ̀," ó gbàgbé. Lóṣù kejì, rìbọ́ńnì náà ti di ohun tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ. Bí ẹ bá mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa ráyè dáhùn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ rárá, torí èyí tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ tẹ́ ẹ pa tì kò ní jẹ́ kí wọ́n ka èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn sí.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ọ̀gá náà ṣe pàtàkì. "O ṣeun tóo pè mí" ni kó jẹ́, kódà bó bá jẹ́ pé èké ni agogo náà. "Kí ló tún dé?" nìkan ti tó láti pa á.

Kí ló dé táwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń fi ìmọ̀ pamọ́?

Ìkà nìkan kọ́. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti bá ọ̀gá tú ẹ́ńjíìnì láti àárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbúnwọ́. Nígbà tó kù kí wọ́n to tímìnì, ọ̀gá ní kó sáré lọ ra gíríìsì wá lọ́dọ̀ alátà tó jìnnà jù. Kó tó padà dé, wọ́n ti dé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Bí ọmọ náà bá gba fírídọ̀ọ̀mù, ó lè ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ sí òdìkejì títì, kó sì kó idajì oníbàárà lọ.

Ìdí kejì ni pé ìmọ̀ yẹn nìkan ló ń dáàbò bo ẹlòmíì. Akọ̀wé àgbà tí òun nìkan mọ ibi tí fáìlì wà mọ̀ pé wọn ò lè fọwọ́ kan òun. Ẹ̀kẹta, kò sáyè: ẹni tí wọ́n ń ka iye iṣẹ́ rẹ̀, tí wọn ò ka wákàtí tó fi kọ́ èèyàn, yóò ka ìkọ́ni sí ìfàsẹ́yìn. Ẹ̀kẹrin ló wọ́pọ̀ jù, òun sì ni wọn kì í fura sí: ẹnikẹ́ni ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ìdí kọ̀ọ̀kan ní oògùn tiẹ̀. Fún ti ọ̀gá mẹkáníìkì, àdéhùn ni oògùn rẹ̀: kí ìwé ìkọ́ṣẹ́ to àwọn iṣẹ́ tí ọmọ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kó tó gba òmìnira, kí ó sì ní iye oṣù tàbí ìdá owó tí yóò fi sìn ín lẹ́yìn náà, tàbí bí ṣọ́ọ̀bù tuntun yóò ṣe jìnnà tó. Bí ọkàn ọ̀gá bá ti balẹ̀ lórí ohun tó ń bà á lẹ́rù, ìrìn gíríìsì yóò dín kù. Ìwàásù lórí ìfẹ́ ọmọnìkejì kò ní dín in kù.

Ṣé ká máa sanwó fún ẹni tó bá pín ìmọ̀?

Ẹ ṣọ́ra. Bẹ́ ẹ bá ń san owó lórí iye ohun tí wọ́n kọ, ìkọkúkọ ló máa pọ̀.

Xerox, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ fọ́tókópì, rí ọ̀nà míì. Ní àwọn ọdún 1980, Julian Orr, onímọ̀ nípa ìṣe ẹ̀dá, tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe káàkiri. Ó rí i pé ìtàn tí wọ́n ń sọ fúnra wọn nídìí oúnjẹ ni wọ́n fi ń tún ẹ̀rọ tó bá dojú rú ṣe, ju ìwé ìlànà lọ. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n wá gbé ètò kan kalẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n ń pè ní Eureka: ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe kọ ọgbọ́n tó rí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ iṣẹ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú orúkọ ẹni tó rí i. Orúkọ yẹn ni èrè. Níbi tiwa tí oríkì ti dùn létí ju owó lọ nígbà míì, ó yẹ kó yé wa: ẹ fi orúkọ ẹni tó rí ọgbọ́n náà pe ọgbọ́n náà.

Ìmọ̀ ọwọ́ tí kò ṣeé kọ sílẹ̀ ńkọ́?

Ẹ má fipá kọ ọ́. Ẹ fi èèyàn tì í. Nígbà tí Matsushita, iléeṣẹ́ kan ní Japan, fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí ń ṣe búrẹ́dì nílé, ní àwọn ọdún 1980, búrẹ́dì rẹ̀ ń le lẹ́yìn, inú rẹ̀ ò sì jinná. Ikuko Tanaka, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà, lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ olórí aṣebúrẹ́dì ní hótẹ́ẹ̀lì kan ní Osaka. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ọkùnrin náà kì í na ìyẹ̀fun nìkan, ó máa ń lọ́ ọ bó ṣe ń nà án. Ó ṣeé ṣe kí aṣebúrẹ́dì náà má lè sọ ọ́ bí wọ́n bá bi í. Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n padà sí ìdí ẹ̀rọ, wọ́n ṣe ibi kéékèèké tó yọ jáde sára inú ìkòkò rẹ̀ kó lè máa lọ́ ìyẹ̀fun, ẹ̀rọ náà sì jáde sọ́jà ní 1987.

Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe é: ẹ fi akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ẹni tó mọ̀ ọ́n fún iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó kéré tán. Ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́, kó máa wò, kó má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ẹ̀mejì tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n jọ ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mejì tó kẹ́yìn, kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe é, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sì ki ọwọ́ bọ àpò. Ọwọ́ inú àpò yẹn kì í ṣe àwàdà; ibẹ̀ ló ti ń ṣòro fún àwọn ọ̀gá jù.

Ìwé ìlànà iṣẹ́ wa kún kọ́bọ́ọ̀dù, ẹnikẹ́ni ò kà á. Kí la máa ṣe?

Ẹ jù ú nù, kẹ́ ẹ tún un kọ sí ojú ìwé kan fún iṣẹ́ kan. Kí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà kọ ọ́, kí ẹni tí kò ṣe é rí fi ṣe é láìbéèrè nǹkan kan. Ibi tó bá dúró sí ni ìwé náà ti ní àbùkù. Kí ọjọ́ tí wọ́n tún un wò kẹ́yìn wà lórí rẹ̀, kó sì wà lára ògiri nídìí iṣẹ́ náà gan-an.

WhatsApp wa ò ha tó?

Ó dára fún ìkìlọ̀ kíákíá, kò dára fún ìfipamọ́. Ọgbọ́n tí ẹnì kan kọ lọ́jọ́ Ajé, kí ọjọ́ Ọjọ́rú tó pé, ìkíni ọjọ́ ìbí àti àdúrà òwúrọ̀ ti sin ín. Bí fóònù bá sọnù tàbí tí ẹni náà fiṣẹ́ sílẹ̀, ó parí. Ẹ yan ẹnì kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí yóò fi 20 ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Ẹtì kó ohun tó wúlò láti inú rẹ̀ sínú ìwé kan tàbí fáìlì kan tí gbogbo yín mọ ibi tó wà.

Ohun kan tún wà: níbi tí ọ̀gá àgbà bá wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, ìbéèrè gidi kì í wá síbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yóò ti ṣí òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ má wá a kiri.

Báwo ni ìpàdé lẹ́yìn iṣẹ́ ṣe lè mú ẹ̀kọ́ jáde, kó má di ibi ẹjọ́?

Ìbéèrè mẹ́rin ni iléeṣẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń lò, èyí tí wọ́n mú gbòòrò ní pápá ìdánrawò wọn ní Fort Irwin ní àwọn ọdún 1980: Kí la fẹ́ kó ṣẹlẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló fà á tí méjèèjì fi yàtọ̀? Kí la máa ṣe nígbà míì? Ìbéèrè kìíní ni àwọn èèyàn máa ń fò, àwọn tó bá sì fò ó ló máa ń jà, torí oníkálukú wọn ní ohun tó ti fọkàn sí.

Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí gan-an, ìṣẹ́jú 15 sí 20, lórí ìdúró. Ẹni tó kéré jù ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ọ̀gá sì gbẹ̀yìn. Bí ọ̀gá bá fi lè kọ́kọ́ la ẹnu, "bẹ́ẹ̀ ni, sà" ló kù láti gbọ́. Ẹ má kọ ju ohun méjì sílẹ̀ láti yí padà, kí orúkọ ẹni tí yóò ṣe é àti ọjọ́ tí yóò parí wà níwájú rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ ìpàdé tó kàn, ohun méjì yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọdé kì í já àgbà nírọ́. Báwo lọmọ iṣẹ́ ṣe máa sọ fún ọ̀gá pé ó fẹ́ ṣàṣìṣe?

Ìṣòro yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta 1977, bàálù KLM àti ti Pan Am kọ lu ara wọn lórí ilẹ̀ nínú ìkúukùu ní erékùṣù Tenerife, èèyàn 583 sì kú. Kí bàálù KLM tó gbéra, ẹnjiníà inú rẹ̀ ti béèrè bóyá Pan Am ti kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá awakọ̀, ẹni tí gbogbo wọn ń bọ̀wọ̀ fún, dáhùn pé ó ti kúrò. Ẹnjiníà dákẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní Portland ní Amẹ́ríkà, bàálù United kan yípo lójú òfuurufú fún nǹkan bíi wákàtí kan nítorí ìṣòro ẹsẹ̀ tó fi ń balẹ̀, títí epo fi tán nínú rẹ̀. Àwọn tó wà nínú yàrá awakọ̀ ti sọ̀rọ̀ epo náà, àmọ́ wọ́n sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ débi pé kò wọ ọ̀gá létí. Èèyàn mẹ́wàá kú. Látinú irú nǹkan báyìí ni ẹ̀kọ́ tuntun fún àwọn awakọ̀ òfuurufú ti jáde.

Ọ̀nà tí wọ́n ń kọ́ wọn bá èdè wa mu ju bí èèyàn ṣe rò lọ, torí "ẹ" àti "sà" lè gbé ọ̀wọ̀ náà pátá, kí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ sì wà ní ìhòòhò. Ó ní ipele márùn-ún. Bí nọ́ọ̀sì kan ṣe lè sọ ọ́ nìyí: "Dókítà, ẹ má bínú, sà. Ọkàn mi ò balẹ̀ lórí abẹ́rẹ́ yìí. Wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì pé pẹnisílínì kì í bá aláìsàn yìí lára mu. Ẹ jẹ́ ká dúró ná, ká tún káàdì náà wò. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀, sà?" Ẹ pè é, ẹ sọ pé ọkàn yín ò balẹ̀, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí, ẹ dá àbá, ẹ gba ìdáhùn. Èyí tí ń pa èèyàn ni "Ẹ dákun, mo kàn ní kí n béèrè ni."

Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá pẹ̀lú. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó sọ ọ́ sókè, lójú gbogbo wọn: "Bí mo bá fẹ́ ṣì í ṣe lónìí, mo fẹ́ kẹ́ ẹ dá mi dúró." Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan bá dá a dúró tó sì jẹ́ pé ẹni náà ló ṣì í gbọ́, gbogbo ojú yóò wà lára ọ̀gá. Ohun tó bá ṣe ní ìṣẹ́jú yẹn ni wọn yóò fi sọ́kàn.

Bí a ò bá fìyà jẹ ẹni tó ṣàṣìṣe, ṣé wọn ò ní gùn wá lórí?

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n sábà ń pọ̀ mọ́ra. Àkọ́kọ́ ni àṣìṣe lásán: ọwọ́ yọ̀, ojú fò ó. Èkejì ni gbígba ọ̀nà ẹ̀bùrú: ó mọ ìlànà, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ti ń fò ó torí iṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹni tó mọ̀ pé ewu ni, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Fún àkọ́kọ́, ẹ tún ètò ṣe. Fún èkejì, ẹ bá a sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì wádìí ohun tó mú kí ọ̀nà ẹ̀bùrú yá ju tààrà lọ. Ẹ̀kẹta nìkan ni ìyà tọ́ sí. Ìbéèrè tí yóò ràn yín lọ́wọ́ ni pé: bí a bá fi òṣìṣẹ́ míì tó dáńtọ́ sí ipò yẹn, ní wákàtí yẹn, ṣé kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Bí yóò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ipò náà.

Láti 1976, Amẹ́ríkà ní ètò kan tí NASA, iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí ìrìn òfuurufú àti ti ojú ọ̀run, ń bójú tó, níbi tí awakọ̀ òfuurufú ti lè kọ àṣìṣe tiẹ̀ ránṣẹ́. Bí kò bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, tí kì í sì í ṣe ìwà ọ̀daràn tàbí ìjàǹbá bàálù, tó sì kọ ọ́ wá kí ọjọ́ 10 tó pé, wọ́n lè fojú fo ìyà rẹ̀. Ilé ìtajà lè ṣe irú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ń yọ owó ọjà tó fọ́ nínú owó oṣù, ohun tó sì ń tìdí rẹ̀ yọ ni pé wọ́n ń fi ìgò tó fọ́ pamọ́ sẹ́yìn àpótí, ẹ ò ní mọ̀ títí dìgbà tẹ́ ẹ bá ka ọjà. Ẹ yí òfin náà padà: ẹni tó bá sọ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọn ò ní yọ kọ́bọ̀, èyí tí a bá fúnra wa rí lẹ́yìn náà, owó á kúrò.

Báwo ni ibi tó kún fún ọlọ́gbọ́n ṣe lè máa rí ewu kó má sì kọ́ ẹ̀kọ́?

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. NASA kò ṣaláìní onímọ̀. Àwọn rọ́bà tó dí ojú ìsopọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì ti ń jó níbẹ̀rẹ̀, nínú àwọn ìrìn àjò tó ṣáájú, ọkọ̀ sì ń padà láyọ̀. Lójoojúmọ́ tó padà láyọ̀, ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà wọ́n di ohun tó mọ́ wọn lára. Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ 28 oṣù kìíní 1986, àwọn ẹnjiníà iléeṣẹ́ tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì náà kìlọ̀ pé òtútù ọjọ́ kejì ti pọ̀ jù. Àwọn ọ̀gá borí wọn. Challenger, ọkọ̀ ojú ọ̀run tó gbéra lọ́jọ́ náà, fọ́ lójú ọ̀run, àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ kú.

Ní 2003, ó tún ṣẹlẹ̀ sí Columbia, ọkọ̀ NASA míì, lórí fóòmù tó já lu apá rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Fóòmù ti ń já láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹnjiníà béèrè pé kí wọ́n ya fọ́tò ibi tó lù, àwọn ọ̀gá dá a dúró. Ìgbìmọ̀ tó wádìí rẹ̀ kọ ọ́ gbangba pé àṣà NASA kópa nínú ìjàǹbá náà bí fóòmù ṣe kópa. Diane Vaughan, onímọ̀ nípa àwùjọ tó ti kọ́kọ́ wádìí Challenger, ní ohun kan náà ló tún padà wá.

Ẹ wo ti ọ̀dọ̀ yín: kí ló wà tó jẹ́ pé "bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn" la máa ń sọ nípa rẹ̀? Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń fi wáyà so, firíìjì àjẹsára tí iná pupa rẹ̀ ti ń tàn láti oṣù tó kọjá. Ẹni tuntun ló rọrùn fún jù láti rí i. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀, ẹ bi í ní ohun mẹ́ta tó yà á lẹ́nu, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó mọ́ òun náà lára.

Kí ló ń mú kí ibi kan tètè yí padà nígbà tí nǹkan bá dé láìròtẹ́lẹ̀?

Ohun tó ti wà ńlẹ̀ kí nǹkan náà tó dé ni. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje 2014, arìnrìn-àjò kan tó ti Liberia wá gbé Ebola wọ Èkó. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, Dókítà Stella Ameyo Adadevoh fura, wọ́n sì fúngun mọ́ ọn kó fi í sílẹ̀, kò gbà. Àrùn náà pa òun fúnra rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún náà.

Ohun tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ìtàn ni ti rọpárọsẹ̀. Láti 2012, Nàìjíríà ti ní ibùdó pàjáwìrì fún un, pẹ̀lú àwọn tó ti mọ bí a ṣe ń jókòó pọ̀ wo iye, pín iṣẹ́, kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn yẹn ni wọ́n yí sídìí Ebola. Àwọn tó ń tọpinpin ṣe àbẹ̀wò bí 18,500 sí àwọn tó ti fara kan aláìsàn. Èèyàn 20 ló kó o, mẹ́jọ kú, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, wọ́n kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Lákòókò yẹn, ìyanṣẹ́lódì àwọn dókítà ìjọba ti wà nílẹ̀ kí àrùn náà tó wọlé. Ètò tuntun kọ́ ló gbé e. Ẹsẹ̀ tó ti mọ ọ̀nà ni.

Ẹni tó mọ̀ jù láàárín wa fẹ́ jápa lóṣù tó ń bọ̀. Kí la lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ má ní kó kọ gbogbo ohun tó mọ̀. Kò ní í ṣe é, bó bá sì ṣe é, ẹ ò ní kà á. Ẹ béèrè mẹ́ta: ta ló máa ń pè é, lórí kí ni? Kí ló ti bàjẹ́ rí tó sì tún un ṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni? Kí ló máa ń wò kó tó gbà pé iṣẹ́ ti dáa? Lẹ́yìn náà, kó jókòó ti arọ́pò rẹ̀ kó má fọwọ́ kan nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá bínú sí i pé ó ń lọ, ẹ ò ní rí ìdáhùn kan gbà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí irú rẹ̀ má bàa tún ká yín mọ́, ẹ ya àtẹ kan: orúkọ òṣìṣẹ́ lápá òsì, iṣẹ́ lókè, àmì níbi tí ẹnì kan bá ti lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Iṣẹ́ tó bá ní àmì ẹyọ kan ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́la.

Ọ̀gá àgbà kò fẹ́ gbọ́. Olórí ẹ̀ka kékeré ni mí. Ṣé mo lè ṣe nǹkan kan?

Bẹ́ẹ̀ ni, nínú ẹ̀ka rẹ nìkan, má sì pariwo rẹ̀. Àṣà kì í ṣe ẹyọ kan jákèjádò iléeṣẹ́. Àwọn ẹ̀ka tí Edmondson yẹ̀ wò yàtọ̀ síra wọn lábẹ́ òrùlé kan náà. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpàdé ìṣẹ́jú 15 àti ìwé àṣìṣe tí ìwọ fúnra rẹ kọ tìẹ sí lákọ̀ọ́kọ́.

Ohun tí yóò dójú kọ ọ́ ni pé iye àṣìṣe tó wà lákọsílẹ̀ ní ẹ̀ka rẹ yóò lọ sókè láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, òkè yóò sì bi ọ́ pé kí ló dé. Sọ fún ọ̀gá rẹ kó tó ṣẹlẹ̀, lórí ìwé, pé iye náà yóò lọ sókè àti ìdí rẹ̀. Fi iye òmíràn tì í tó kàn án lára ju ìyẹn lọ: iye wákàtí láàárín ìgbà tí nǹkan bàjẹ́ àti ìgbà tí olórí gbọ́. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ni tẹ́lẹ̀, tó di wákàtí méjì, o ní ohun tí wàá gbé síwájú rẹ̀.

Bí òkè bá sì fi ìwé àṣìṣe yẹn fìyà jẹ ẹnì kan nínú àwọn èèyàn rẹ, dá ìwé náà dúró lọ́jọ́ náà, kí o sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Wọn yóò tún lè gbà ọ́ gbọ́ lọ́jọ́ míì bí wọ́n bá rí i pé o ò fi wọ́n ta ọjà.